Obìnrin Tó Jókòó Ti Bàbá Àgbà

Kámẹ́rà tí ọkọ mi rà fún mi ní Kàdúná kò tóbi ju páálí ọṣẹ lọ. Ó ní okùn aláwọ dúdú tí mo máa ń fi kọ́ ọrùn, mo sì ń gbé e kiri Ọ̀sì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Tíṣà ni mí níbẹ̀ nígbà náà, lásìkò tí wọ́n ń kọ́ kíláàsì tuntun kiri nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí àwọn ọmọ pọ̀ ju àga lọ. Lọ́jọ́ Sátidé tí mi ò bá fọṣọ, mo máa ń ya igi, mo máa ń ya ewúrẹ́, mo sì máa ń ya àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi níwájú ilé ìwé. Nígbà tí ọkọ mi wá sílé fún Kérésì, ó tú gbogbo fọ́tò náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ní, "Ṣé àwọn ará Ọ̀sì kì í ní orí ni?"

Mo bínú, àmọ́ òótọ́ ló sọ.

Ìròyìn kámẹ́rà mi sì dé Ìlọ́fà, ìlú ìyá mi. Ibẹ̀ ni ìyá tó bí ìyá mi ń gbé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Jọ́ọ̀sì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé tuntun fún wọn. Bùọ̀dá la máa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, tọmọdé tàgbà. Wọ́n gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n wá ń kan fèrèsé, wọ́n ń kun ògiri. Nígbà tí pálọ̀ parí, tí àga dé, tí kọ́tìnnì bo ojú fèrèsé, Ìyá àgbà jókòó sáàárín rẹ̀, wọ́n wo ògiri títí, wọ́n ní, "Ògiri yìí dà bí ojú tí kò ní ìpéǹpéjú."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì mú fọ́tò kan jáde, èyí tí wọ́n fi gèlè àtijọ́ wé. Bàbá àgbà ló wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ bàbá àgbà, wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ìgbà tí wọ́n ń ṣòwò ní Gáná ni wọ́n yà á, ní Kùmásì. Wọ́n jókòó lórí àga ẹlẹ́yìn gígùn, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, wọ́n gẹ fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn kò wo iwájú tààrà. Wọ́n yí ojú díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún wọn, bí ẹni tó gbọ́ pé àlejò ń kan ilẹ̀kùn lápá ibẹ̀. Lápá ibẹ̀ náà, kò sí nǹkan kan bí kò ṣe aṣọ funfun tí onífọ́tò ta sẹ́yìn wọn.

Ìyá àgbà fi ìka kan ibi tó ṣófo náà. "Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí."

Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Ìyá, fọ́tò kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń wọ̀ lójú ọ̀nà."

"Mo ti rí ti ìyàwó pásítọ̀ àtijọ́. Ìlọrin ni wọ́n ti so òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó so wọ́n. Wọ́n jókòó bí ẹni tó jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ tí o ní kámẹ́rà, kí lo ń fi í ṣe?"

Mo fẹ́ sọ pé ewúrẹ́ ni mo fi ń yà.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé Ìyá àgbà kò ní fọ́tò kankan tó ṣeé so mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹyọ kan ló wà, tí wọ́n ya ẹgbẹ́ ìyá ìjọ lọ́jọ́ ìkórè, gèlè ẹlòmíràn sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ débi pé ojú kan àti etí kan ló yọ. Nítorí náà mo fi fọ́tò bàbá àgbà sáàárín páálí méjì kó má baà ká, mo wọ ọkọ̀ gba Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin, mo lọ wá ẹni tó ń so fọ́tò.

Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà wà nítòsí ọjà, fọ́tò ló fi bo ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá tí wọn ò gbé ìlú kan náà jókòó pọ̀ lórí àga kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró ní méjì, ó ń bọ ara rẹ̀ lọ́wọ́, inú àwọn méjèèjì sì dùn láti pàdé ara wọn. Onífọ́tò náà sanra díẹ̀, ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀, obì kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gba fọ́tò bàbá àgbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Bàbá yìí gbáfẹ́ o," ó ní. "Tíṣà, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wọn. Ó mọ́lẹ̀, àbí? Ti òsì ní òjìji. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bá bàbá náà ló gbọ́dọ̀ ti bá ìyá. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wò ó á rò pé oòrùn méjì ló ràn lọ́jọ́ náà."

Mo ní mo gbọ́.

"Bàbá ń wo ọwọ́ ọ̀tún. Kí ìyá yí sí ọwọ́ òsì tiwọn, kí wọ́n lè máa wo ara wọn. Mo ti so tọkọtaya kan rí tí wọ́n kẹ̀yìn síra, àwọn ẹbí wọn wá bá mi níbí pé mo fẹ́ tú ilé wọn ká." Ó ta obì sẹ́rẹ̀kẹ́ kejì. "Ògiri lásán ni kí ó wà lẹ́yìn wọn. Kí ẹ sì yà wọ́n tapátẹsẹ̀. Èmi kì í fi ọwọ́ ẹlòmíràn kún ọwọ́ èèyàn."

Ó rọrùn létí. Mo padà sílé bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tán.

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo gbé àga síta ní Ìlọ́fà. Ìyá àgbà ti múra. Aṣọ òkè tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Àjíǹde ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì we gèlè kan tó fẹ̀ bí agbòòrùn. Oòrùn wà lókè orí gan-an. Mo ní kí wọ́n yí díẹ̀ sí òsì, wọ́n yí. Bí mo ṣe gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n tún yí padà, wọ́n kọjú sí mi tààrà.

"Ìyá, ẹ má wò mí."

"Ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni kí n má wò?"

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà náà."

"O ò tíì sọ nǹkan tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín."

Mo yà wọ́n bẹ́ẹ̀. Fíìmù náà kò tíì tán, mo sì ní láti fi àwọn ọmọ kíláàsì mi parí rẹ̀ kí n tó lè gbé e lọ fọ̀. Nígbà tí fọ́tò jáde, onífọ́tò Ìlọrin tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó tẹ orí sí òsì, ó tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún.

"Gèlè ni ẹ yà," ó ní. "Gèlè náà dára. Ṣùgbọ́n ta ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

Lóòótọ́, òjìji gèlè ti bo Ìyá àgbà láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ẹ̀gbà ọrùn nìkan ló yọ.

Ìgbà kejì, mo gbọ́n. Mo sùn ní Ìlọ́fà, mo jí wọn ní kùtù, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú láti ẹ̀yìn ilé aládùúgbò wa. Mo gbé àga sí fàráńdà, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n we gèlè kékeré. Ìyẹn gba àkókò, nítorí wọ́n ní ìyàwó kékeré ló ń we gèlè kékeré. Nígbà tí wọ́n gbà, mo ní kí wọ́n máa wo òpó fàráńdà tó wà lọ́wọ́ òsì wọn, kí wọ́n ṣe bí ẹni pé bàbá àgbà ni. Wọ́n wo òpó náà. Mo sún mọ́ wọn dáadáa kí ojú wọn lè tóbi bíi ti bàbá, mo tẹ kámẹ́rà, inú mi sì dùn.

Ní Ìlọrin, ọkùnrin náà ní, "Ìmọ́lẹ̀ dára. Tíṣà, ẹ ṣe é. Ọwọ́ òsì ìyá dà?"

Mo wò ó. Fọ́tò náà gé ọwọ́ òsì wọn láti ìgbọ̀nwọ́. Mo ti sún mọ́ wọn jù; nǹkan tí mo rí nínú ihò kámẹ́rà kọ́ ni kámẹ́rà rí.

"Ó wà lára wọn nílé," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín títí obì fi fẹ́ gbà á lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó tún gbé fọ́tò náà. "Èwo tún ni ojú tí wọ́n ń fi wo bàbá yìí? Ṣé bàbá jí iṣu wọn ni?"

Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́. Èèyàn kì í wo òpó bí ẹni wo ọkọ.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bùọ̀dá nígbà tí mo padà dé, mo sì ní ó ti sú mi. Bùọ̀dá ti fẹ́ padà sí Jọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ronú, wọ́n ní, "Kí ló dé tí a ò fi èèyàn sípò òpó?" Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àga tiwọn sí ọwọ́ òsì Ìyá àgbà, wọ́n jókòó, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n sì dé fìlà kan, wọ́n gẹ̀ ẹ́ bíi ti inú fọ́tò Kùmásì. Eré ni Bùọ̀dá pè é.

Èmi ti kúrò nítòsí, mo fẹ̀yìn ti igi ìbẹ́pẹ tó wà nínú àgbàlá, ibẹ̀ ni gbogbo ara Ìyá àgbà ti lè wọnú fọ́tò. Mo ní, "Ó yá, Ìyá, ẹ wo ọwọ́ òsì."

Ìyá àgbà yíjú. Mo rò pé wọ́n máa bú Bùọ̀dá. Wọ́n wo Bùọ̀dá láti fìlà dé ẹsẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbé fìlà náà sókè díẹ̀ kúrò lórí etí.

"Báyìí ni wọ́n máa ń gẹ̀ ẹ́," wọ́n ní. "Ìwọ gẹ̀ ẹ́ jù. Bàbá rẹ kì í ṣe jàǹdùkú."

Wọ́n dá ọwọ́ padà sórí ẹsẹ̀ wọn, wọn ò sì gbé ojú kúrò. Ẹ̀rín kan wà lẹ́nu wọn tí mi ò rí rí, kì í ṣe ẹ̀rín tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín sí àwa ọmọ. Bùọ̀dá tó ń ṣeré náà ò ṣeré mọ́. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Mo tẹ kámẹ́rà. Mo fẹ́ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan síi kó lè dá mi lójú, àmọ́ Ìyá àgbà ti dìde, wọ́n ní ẹ̀kọ ń jóná lórí iná.

Bùọ̀dá wà lórí àga náà fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú fìlà wọn. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i?"

Mo ní mo rí i.

Onífọ́tò Ìlọrin rí èyí, kò ṣe àwàdà kankan. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá àgbà, ó sún wọn mọ́ra lórí tábìlì, òun náà sì wò wọ́n. "Ẹ bá mi kí ìyá," ó ní. "Ẹ padà wá tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Nígbà tí mo padà lọ, ó ti tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, ó ti fi férémù àti gíláàsì sí i, ó sì fi ìwé ìròyìn wé e. Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra, mi ò dúró tú u. Mo gbé e lé ẹsẹ̀ mi láti Ìlọrin dé Ìlọ́fà. Ìyá àgbà ti pe àwọn obìnrin aládùúgbò méjì sí pálọ̀. A tú u níwájú gbogbo wọn.

Ìyá àgbà wò ó. Àwọn obìnrin náà wò ó.

"Ta ni obìnrin yìí?" ni Ìyá àgbà wí.

"Ìyá, ẹ̀yin ni."

"Èmi kọ́. Mo ní ta ni obìnrin tó jókòó ti ọkọ mi?"

Mo gba férémù náà, mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Aṣọ jẹ́ tiwọn. Gèlè jẹ́ tiwọn. Ojú náà ń dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo pa. Onífọ́tò wa ti fi pẹ́ńsù rẹ̀ pa gbogbo ibi tí awọ ojú wọn ti hunjọ rẹ́, ó ti pa ìlà ojú wọn rẹ́ mọ́ ọn, ó sì ti fa ìpéǹpéjú wọn ní dúdú bíi ti ọmọge tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ó rí i pé bàbá àgbà kò ju ẹni ogójì ọdún lọ nínú fọ́tò, Ìyá àgbà sì ti di arúgbó. Ó ṣàánú wa, ó bá wa dín ọjọ́ orí wọn kù.

Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò náà fẹ́ tú ìjà ká. "Ẹ ti rẹwà tó yìí, Ìyá! Bí ẹ ṣe rí nígbà èwe nìyẹn."

"Irọ́ ni. Nígbà èwe mi, mo ní ìlà lójú." Ìyá àgbà fa férémù náà gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un wò, inú sì túbọ̀ bí wọn. "Ìgbà tí mo wà ní ọmọge, ọwọ́ wọn ni mo wà, a ò sì wá fọ́tò lọ. Èmi tí mo jókòó sórí fàráńdà lọ́jọ́ náà ni mo ní kí ẹ so mọ́ wọn. Wọ́n kú, wọn ò dàgbà. Èmi ni mo dàgbà. Mo tọ́ ọmọ, mo sin òkú, mo gbin iṣu, ó sì hàn lójú mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i."

Wọ́n gbé férémù náà padà fún mi, wọ́n ní, "Àti pé n kì í bá orogún gbé. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ báyìí."

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àwọn náà sì rín.

Ojú ń tì mí láti gbé férémù padà lọ bá onífọ́tò náà. Ó sì bínú díẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára lóòótọ́. "Tíṣà, láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó dá ẹwà padà fún mi rí."

"Ọ̀gá, ẹ máà bínú. Wọ́n ní àwọn ò dá obìnrin yìí mọ̀."

"Wọ́n á jọ ìyá àti ọmọ o. Tí èèyàn bá bi wọ́n ńkọ́?"

"Wọ́n á dá a lóhùn."

Ó wo fọ́tò tí mo yà, èyí tí pẹ́ńsù kò tíì kàn. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n ra mínírà tútù fún mi, ó sì wọ yàrá dúdú rẹ̀ lọ. Kò parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ nígbà tó parí, gbogbo ìlà ojú Ìyá àgbà pé. Ó tún ti so ọwọ́ àga méjèèjì pọ̀ débi pé bí ẹ ò bá mọ̀, ẹ ó búra pé káfíńtà kan náà ló kàn wọ́n. Bàbá àgbà wo ọ̀tún, Ìyá àgbà wo òsì, ìmọ́lẹ̀ kan náà sì bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àwọn méjèèjì.

Ìyá àgbà wò ó, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun." Wọ́n ní kí káfíńtà kan ìṣó rẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀, kó má baà jẹ́ pé àwọn á máa gbé orí sókè kí àwọn tó rí ara àwọn.

Ohun tí onífọ́tò sọ ṣẹlẹ̀ kíákíá. Katikíìsì ìjọ wá kí wọn kú ilé tuntun, ó jókòó, ó wo ògiri, ó ní, "Ìyá, fọ́tò yìí dára. Ẹ̀yin àti Bùọ̀dá tó wà ní Jọ́ọ̀sì nìyí, àbí?"

"Bàbá Bùọ̀dá ni. Ọkọ mi ni."

Katikíìsì náà dìde, ó sún mọ́ ọn, ojú tì í. "Ẹ forí jì mí, Ìyá."

"Kò sí nǹkan tí o ṣe. Nígbà tí wọ́n wà láyé, èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀. Ní báyìí mo ti jù wọ́n lọ. Mò ń retí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀."

Látìgbà yẹn, Sátidé mi kò sí fún ewúrẹ́ mọ́. Àwọn obìnrin Ìlọ́fà àti ti Ọ̀sì ń mú fọ́tò ọkọ wá, òmíràn mú ti ọmọ tó wà ní Èkó, òmíràn mú ti ìbejì rẹ̀ tó ń gbé Kánò. Mo ti mọ bí mo ṣe ń bi wọ́n pé ibo ni oòrùn wà. Mo ti mọ bí mo ṣe ń jìnnà sí ọwọ́ èèyàn. Bí Ìyá àgbà bá wà nítòsí, àwọn ló máa ń pàṣẹ: "Má wo kámẹ́rà, kò fẹ́ ọ. Wo ọkọ rẹ."

Èyí tí mi ò gbàgbé jù ni ti tọkọtaya kan ní Ọ̀sì, tí àwọn méjèèjì wà láàyè, tí wọ́n sì jọ ń gbé ilé kan náà. Wọ́n ti bínú síra wọn fún ìgbà pípẹ́ débi pé wọn ò lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ fọ́tò wọn fún pálọ̀ ní Ìlọrin. Mo ya ọkọ ní Sátidé kan, mo ní kó wo ọ̀tún. Mo ya ìyàwó ní Sátidé kejì, mo ní kó wo òsì. Ọ̀rẹ́ mi onífọ́tò so wọ́n pọ̀, ó dára bíi ti ọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí mo gbé e dé, ọkọ wò ó, ó ní òun ò mọ̀ pé ìyàwó òun ṣì lè jókòó jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó náà wò ó láti ẹ̀yìn èjìká ọkọ rẹ̀, ó ní bọ́tìnnì ẹ̀wù ọkọ òun kò pé, ṣé kò lè sọ fún òun kó tó lọ yà á ni? Ọkọ ní ìgbà wo ló máa sọ fún un, nígbà tí kì í dá òun lóhùn? Wọ́n ti gbá ìjà tuntun mú, èjìká kan ara wọn lórí férémù náà. Mo kí wọn pé ó dàárọ̀, wọn ò gbọ́, mo sì gba ilé mi lọ.